Bàtà Bọ́ọ̀lù Ludvik Sabol

Haldane, Pẹnsilfáníà
Ọjọ́ kẹsàn-án, oṣù kẹwàá, 1944

Ludvik ọmọ mi,

Ṣé àlàáfíà lo wà? Ṣé ẹ ń rí oúnjẹ gidi jẹ lójú ogun yẹn? Àwa ń bẹ níhìn-ín. Ẹ̀gbọ́n rẹ Verona ní kí n kí ọ. Ilé iṣẹ́ tí wọ́n ti ń rán aṣọ sójà ló ṣì wà. Ó ní bí wọ́n bá fún ọ ní ṣẹ́ẹ̀tì tí apá rẹ̀ kan gùn ju èkejì lọ, òun kọ́ ló rán an o.

Èmi náà ń wọ kòtò èédú lójoojúmọ́. Mò ń wúkọ́ díẹ̀, ṣùgbọ́n ta ni kì í wúkọ́ ní Haldane? Bí ènìyàn bá ní kí òun dúró sílé nítorí ikọ́, kò ní sẹ́ni tí yóò wa èédú fún ìjọba.

Ní ọjọ́ Ẹtì, àwọn ọmọ wa lọ gbá bọ́ọ̀lù ní Brackton. Má bi mí léèrè iye tí wọ́n fi nà wá. Àwọn tó dàgbà ti wọ aṣọ sójà tán, ọmọ mẹ́tàlá péré ló kù lọ́wọ́ Kóòṣì Tierney. Kò sí epo fún bọ́ọ̀sì, ọkọ̀ akẹ́rù èédú ló gbé wọn lọ. Nígbà tí wọ́n fi máa dé pápá, aṣọ wọn ti rí bíi tèmi tí mo bá ń bọ̀ láti ibi iṣẹ́. Emil ọmọ Hudak, èyí tí ẹsẹ̀ rẹ̀ tóbi ju ọjọ́ orí rẹ̀ lọ, ló wà ní àyè rẹ báyìí. Ìjọba ti ṣòfin lórí bàtà, kò rí ti bọ́ọ̀lù rà, bàtà kòtò èédú bàbá rẹ̀ ló wọ̀ wá. Ó fẹ́ gbá bọ́ọ̀lù gba àárín òpó méjì, bọ́ọ̀lù lọ bá àwọn tó ń ta sọ́séèjì. Gbogbo èrò yíjú wò mí. Mo mọ ohun tí wọ́n ń rò. Ẹsẹ̀ rẹ ni wọ́n ń rò.

Bàtà rẹ wà lábẹ́ àga mi. Bí mo bá wẹ̀ tán lọ́jọ́ Sátidé, mo máa ń fi ọ̀rá ẹlẹ́dẹ̀ pa á kí awọ rẹ̀ má baà gan. Verona ń bínú, ó ní ọ̀rá tí à bá fi dín ọ̀dùnkún ni. Jẹ́ kó máa bínú.

Kóòṣì yunifásítì tún kọ̀wé sí mi. Ó ní bí ogun bá parí, àyè rẹ wà nílẹ̀ ní oṣù kẹsàn-án, wọn yóò sì san owó ilé ìwé rẹ nítorí bọ́ọ̀lù. Ẹsẹ̀ yẹn ni yóò gbé ọ wọ yunifásítì, ìwọ kò sì ní wọ kòtò tí mo wọ̀ láé. Ohun tí mo ṣèlérí fún ìyá rẹ kó tó kú nìyẹn. Nítorí náà, tọ́jú ara rẹ, kí o sì máa kọ̀wé tó lórí. Èyí tó o kọ kẹ́yìn, ọ̀rọ̀ òjò nìkan ló kún inú rẹ̀.

Èmi bàbá rẹ,
Imrich Sabol


Ibì kan ní Jámánì
Ọjọ́ kejì, oṣù kọkànlá, 1944

Bàbá mi,

Ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú ìfojúsọ́nà. Mo rí ìwé yín gbà, mo kà á títí ó fẹ́ ya. Òjò ṣì ń rọ̀ o, ẹ má bínú, òun náà ló wà níbí. Inú igbó la wà, igi rẹ̀ pọ̀ débi pé ọ̀sán dà bí ìrọ̀lẹ́.

Ṣùgbọ́n a gbá bọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà tiwa, èyí tí à ń fọwọ́ gbé sáré, lọ́jọ́ Àìkú. Ìbọ̀sẹ̀ la dì pọ̀ fi ṣe bọ́ọ̀lù. Ọ̀gá wa kan gba bọ́ọ̀lù náà mọ́ àyà, ó ń sáré bọ̀. Ó ti gbá bọ́ọ̀lù fún yunifásítì ní Texas rí, ó rò pé kò sẹ́ni tó lè mú òun. Mo gbé e lulẹ̀ sínú ẹrọ̀fọ̀. Gbogbo wọn rò pé wọn yóò tì mí mọ́lé. Ó dìde, ó nu ẹnu, ó ní, "Sabol, níbo ni wọ́n ti bí ọ gan-an?" Mo ní, "Lẹ́nu kòtò èédú ni, sà." Ó ní òun mọ̀ bẹ́ẹ̀.

Ẹ bá mi sọ fún Emil pé kó má wo òpó. Bọ́ọ̀lù ni kó máa wò, kó má sì gbórí sókè títí ẹsẹ̀ rẹ̀ yóò fi kúrò lára rẹ̀. Ohun tí ẹ kọ́ mi lẹ́yìn ilé nìyẹn, ẹ̀yin tí ẹ kò gbá bọ́ọ̀lù rí láyé yín.

Ẹ fi ìbọ̀sẹ̀ ránṣẹ́ sí mi, èyí tó nípọn. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ lọ fi ikọ́ yẹn han dókítà.

Ọmọ yín,
Ludvik


Haldane
Ọjọ́ kẹfà, oṣù kejìlá, 1944

Ludvik,

Ìwọ ọmọ yìí, níbo lo wà? Tẹligíráàmù dé lánàá. Nígbà tí Ọ̀gbẹ́ni Novak tó ń pín tẹligíráàmù gbé e wá lórí kẹ̀kẹ́, gbogbo obìnrin àdúgbò jáde síwájú ilé láti wo ilé tí yóò yà sí. Tiwa ló yà sí. Bàbá gba ìwé náà lọ́wọ́ rẹ̀, ó kà á, ó tún un kà. Ó ní, "Wọ́n ní ó fara gbọgbẹ́. Wọn kò sọ ibi tó ti gbọgbẹ́." Ó wá jókòó sórí àtẹ̀gùn pẹ̀lú aṣọ iṣẹ́.

Láti ìgbà náà ló ti ń sọ fún ẹni tó bá bi í pé ọwọ́ ni. Ta ló sọ fún un pé ọwọ́ ni? Òun náà ló sọ fún ara rẹ̀. Mo bẹ̀ ọ́, bí o bá lè di gègé mú, kọ ìlà kan ṣoṣo.

Ẹ̀gbọ́n rẹ,
Verona


Ilé ìwòsàn àwọn sójà, Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì
Ọjọ́ kẹjọ, oṣù kejìlá, 1944

Bàbá mi,

Ẹ má ṣàníyàn. Mo mọ̀ pé tẹligíráàmù ti dé ọ̀dọ̀ yín, ẹ sì mọ bí ìjọba ṣe ń kọ ọ̀rọ̀. Irin kékeré kan wọ èjìká mi ni, wọ́n ti yọ ọ́. Ibùsùn rọ̀, àwọn nọ́ọ̀sì ń pariwo mọ́ wa bí ìgbà tí Verona ń pariwo. Tíì ni wọ́n fi ń wo gbogbo àìsàn níbí.

Ẹ kú ọdún Kérésìmesì o. Ẹ bá mi jẹ kábéèjì tèmi.

Ludvik


Ilé ìwòsàn àwọn sójà, Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì
Ọjọ́ kẹjọ, oṣù kejìlá, 1944

Ẹ̀gbọ́n mi Verona,

Ilé iṣẹ́ yín ni mo fi ìwé yìí ránṣẹ́ sí. Ẹ má mú un délé. Mo kọ̀wé sí Bàbá pé èjìká ni. Kì í ṣe èjìká. Àdó olóró tí wọ́n rì mọ́lẹ̀ ni mo tẹ̀ nínú igbó yẹn, wọ́n sì ti gé ẹsẹ̀ mi kan láti òkè orúnkún. Mo kọ ọ́ tán báyìí.

Mi ò lè sọ fún un. Ẹ mọ̀ pé ẹsẹ̀ mi ni ọkùnrin yẹn ń rí tó bá wà nísàlẹ̀ ilẹ̀ lọ́hùn-ún. Òun ló ń gbé e dìde láàárọ̀. Bí mo bá sọ fún un pé kò sí mọ́, kí ni yóò tún máa gbé e dìde? Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ kọ́ bí wọ́n ṣe ń fi ọ̀pá rìn. Bí mo bá lè dúró níwájú rẹ̀, bóyá kò ní dùn ún tó bẹ́ẹ̀.

Ẹ bá mi pa á mọ́. Ẹ má sunkún níbi iṣẹ́.

Àbúrò yín,
Ludvik


Haldane
Ọjọ́ kẹrìndínlọ́gbọ̀n, oṣù kejìlá, 1944

Àbúrò mi,

Mo sunkún níbi iṣẹ́. Mo sọ fún wọn pé abẹ́rẹ́ ló gún mi, ọ̀gá wa sì wá ń wá ẹ̀jẹ̀ lára aṣọ.

Mo fẹ́ sọ bí Kérésìmesì ṣe rí fún ọ. O mọ̀ pé Bàbá máa ń gbé àáké sábẹ́ tábìlì, kí kálukú lè gbé ẹsẹ̀ lé e nígbà tí a bá ń jẹun, kí ẹsẹ̀ rẹ̀ lè le bí irin lọ́dún tó ń bọ̀. Mo gbé ẹsẹ̀ tèmi lé e. Bàbá gbé tirẹ̀ lé e. Ó wá dìde, ó lọ gbé bàtà bọ́ọ̀lù rẹ méjèèjì jáde, tí ọ̀rá ń dán lára wọn, ó tò wọ́n sórí àáké níwájú àga rẹ. Ó ní, "Ludvik náà ti fẹsẹ̀ lé e." Ó bẹ̀rẹ̀ sí í pín búrẹ́dì olóyin.

Ludvik, èmi kò lè ṣe èyí pẹ́. Dókítà ti sọ fún un pé ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ ti kún fún eruku, kó má wọ kòtò mọ́. Ó ní òun yóò ṣì máa wọ̀ ọ́ títí o fi máa wọ yunifásítì, òun kò fẹ́ kó o bá ilé òfìfo. Ìwọ ló ń dúró dè. Bí o bá sọ òtítọ́ fún un, yóò dùn ún, ṣùgbọ́n yóò jókòó sílé. Irọ́ tí à ń pa yìí ló ń rán an lọ sísàlẹ̀ láràárọ̀.

Má rò pé mò ń bá ọ jà. Mo kàn fẹ́ kí n ní ẹnì kan tí mo lè sọ ọ́ fún.

Verona


Ilé ìwòsàn àwọn sójà, Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì
Ọjọ́ kẹwàá, oṣù kìíní, 1945

Bàbá mi,

Ẹ kú ọdún tuntun. Èjìká ń san. Ẹ dákun, ẹ gbọ́ tèmi, ẹ kúrò nínú kòtò yẹn. Ẹ má dúró dè mí.

Ohun kan tún wà tí mo fẹ́ bẹ̀ yín. Ẹ fún Emil ní bàtà bọ́ọ̀lù mi. Kò dára kó wà lábẹ́ àga nígbà tí ọmọ yẹn ń fi bàtà kòtò gbá bọ́ọ̀lù. Èmi yóò ra òmíràn.

Ọmọ yín,
Ludvik


Haldane
Ọjọ́ kejì, oṣù kejì, 1945

Ludvik,

Mo ka ìwé rẹ, inú mi kò dùn sí i rárá. Ṣé o ti gbàgbé ìlú tí wọ́n bí ọ sí ni? Ní Haldane, ẹni tó bá gbá bọ́ọ̀lù tán láyé rẹ̀ ló ń fi bàtà tọrẹ. Yóò bọ́ ọ lẹ́sẹ̀ lórí pápá, yóò fi ọwọ́ ara rẹ̀ lé e lọ́wọ́ ẹni tó fẹ́ fún, yóò sì fi ìbọ̀sẹ̀ rìn lọ sílé, gbogbo ayé á sì ki í. Ẹni tó bá ti kú nìkan ni ará ilé ń bá fún. Ìyá Petrik fún wọn ní ti ọmọ rẹ̀ nígbà tó kú sínú omi Pàsífíìkì, mo wà níbẹ̀, kò sẹ́ni tó lè wo ojú ara wọn. Ìwọ kò kú. O kò sì tíì sọ fún mi pé o ti gbá bọ́ọ̀lù tán. Kí ló wá dé tí o fi ní kí n gbé bàtà rẹ fún ọmọ ọlọ́mọ?

Èjìká lo ní ó ń dùn ọ́. Kí ni èjìká fi bàtà ṣe?

Mo kọ́kọ́ dá ìwé yìí dúró síbí. Mo gbé e sílẹ̀ fún ọjọ́ bíi mélòó kan, mo ń wọ kòtò, mo ń bọ̀. Inú tó bí mi ti rọlẹ̀ báyìí. Bí ohun kan bá wà tí o fẹ́ sọ fún mi, sọ ọ́. Bàbá rẹ ni mí. Òkè ti wó lù mí rí nísàlẹ̀ ilẹ̀, mi ò kú.

Imrich Sabol


Ilé ìwòsàn àwọn sójà, Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì
Ọjọ́ ogún, oṣù kejì, 1945

Bàbá mi,

Ẹ má bínú nípa ọ̀rọ̀ bàtà. Mi ò rò ó dáadáa kí n tó kọ ọ́. Kò sí ohun kankan. Ara mi le. Wọ́n ní wọn yóò kó wa sínú ọkọ̀ ojú omi padà sílé láìpẹ́, ìgbà náà la óò lè sọ̀rọ̀.

Ojú ọjọ́ tutù níbí.

Ludvik


Haldane
Ọjọ́ kẹsàn-án, oṣù kẹta, 1945

Ludvik ọmọ mi,

Ṣé o jí ire? Mo gba ìwé rẹ. Ojú ọjọ́ tún ni.

Mo ti ṣe àtẹ̀gùn iwájú ilé. Èyí tó wó lókè, mo ti tún un kàn, mo sì fi igi gígùn sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ tí ènìyàn lè dì mú. Verona bi mí pé ta ni mo ṣe é fún. Mo ní èmi ni, nítorí àyà mi. Mo gbé ibùsùn rẹ sọ̀ kalẹ̀ láti òkè sí yàrá tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé ìdáná. Ibẹ̀ móoru.

Mo kọ̀wé sí kóòṣì yunifásítì pé kó fi àyè yẹn fún ẹlòmíràn. Má bínú pé mi ò kọ́kọ́ bi ọ́. Ní gbọ̀ngàn ẹgbẹ́ àwa awakùsà, wọ́n kà á sí wa létí pé ìjọba yóò rán àwọn sójà tó bá padà dé lọ sílé ìwé. Kò dìgbà tí ènìyàn bá gbá bọ́ọ̀lù. O ní orí dáadáa, ìyá rẹ ló máa ń sọ bẹ́ẹ̀, èmi ni mi ò gbọ́, ẹsẹ̀ rẹ ni mo ń wò. Mo ti kúrò nínú kòtò láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá. Ó rẹ̀ mí.

Bàtà rẹ kò sí lábẹ́ àga mọ́. Má bèèrè ibi tó wà.

Máa bọ̀ wálé bí o bá ṣe lè bọ̀.

Bàbá rẹ


Haldane
Ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún, oṣù kẹta, 1945

Ludvik,

Bàbá ti dùbúlẹ̀. Kò lè mí bí ó bá sùn sílẹ̀ gbalaja, ńṣe ni mo fi ìrọ̀rí ti ẹ̀yìn rẹ̀. Dókítà kò sọ̀rọ̀ púpọ̀ mọ́ tó bá wá. Ó kàn ń fọwọ́ kàn mí léjìká.

Mi ò sọ fún un. Mo búra fún ọ, mi ò sọ. Bàtà rẹ ti kúrò nílé. Mo rò pé ó fún Emil, mo lọ bá ọmọ náà, ó ní òun kò rí bàtà kankan. Mo bi Bàbá, ó kọjú sí ògiri.

Nígbàkigbà tí ìwé bá dé, á ní, "Ti Ludvik ni? Kà á." Bí mo bá kà á tán, á ní, "Ó tán?" Mo máa ń ní ó tán. Á wá pa ojú dé. Ohun kan ló ń retí láti gbọ́, ìwọ nìkan ló sì lè sọ ọ́. Mo fi ìyá wa bẹ̀ ọ́, kọ ọ́ lónìí.

Verona


Ilé ìwòsàn àwọn sójà, Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì
Ọjọ́ kẹtàdínlọ́gbọ̀n, oṣù kẹta, 1945

Bàbá mi,

Mo purọ́ fún yín. Kì í ṣe èjìká. Wọ́n ti gé ẹsẹ̀ mi kan, láti inú oṣù kọkànlá. Èmi kò ní gbá bọ́ọ̀lù mọ́. Ojú ń tì mí, kì í ṣe nítorí pé mo gbọgbẹ́, nítorí pé ẹ fi ọ̀rá tí ẹ̀ bá fi jẹun pa bàtà ẹni tí kò lẹ́sẹ̀.

Mo bẹ̀rù pé ẹ ó ṣubú bí ẹ bá gbọ́. Èmi ni mo ń ṣubú. Ọ̀pá ni mo fi ń rìn, mo ti lè rìn dé òpin yàrá báyìí kí n sì padà. Ẹ dúró dè mí, kí ẹ rí i. Ẹ má bínú sí mi, Bàbá. Ẹ dúró dè mí.

Ludvik


Haldane
Ọjọ́ kejìlá, oṣù kẹrin, 1945

Ludvik, àbúrò mi,

Jókòó kó o tó ka èyí.

Ọjọ́ kẹta lẹ́yìn Àjíǹde ni Bàbá kú, láàárọ̀, nígbà tí fèrè ibi iṣẹ́ ń dún. Ó gbọ́ ọ, ó ní, "Wọ́n ń wọlé," ló bá tán. Sátidé la sin ín sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyá wa. Àwọn ọmọ Kóòṣì Tierney ló gbé pósí, Emil wà níwájú, bàtà kòtò yẹn náà ló wọ̀.

Ìwé rẹ dé lọ́jọ́ Mọ́ńdè. Mo jókòó sórí àtẹ̀gùn tí Bàbá ṣe, mo dì mọ́ ìwé náà, mo bínú sí ọ gidigidi. Bí mo bá sọ pé mi ò bínú, irọ́ ni, irọ́ sì ti tó nínú ilé yìí. Mò ń rò pé ó kú láìmọ̀.

Ibi tí mo jókòó sí ni Ọ̀gbẹ́ni Benko aránbàtà bá mi. Ó gbé àpótí kan dání. Ó ní, "Verona, jọ̀wọ́ má bínú pé ó pẹ́. Awọ àtẹ́lẹsẹ̀ ni mi ò rí rà, ìjọba ń pín in bíi ṣúgà." Mo ṣí i. Bàtà bọ́ọ̀lù rẹ ni. Ó ti yọ gbogbo eyín abẹ́ wọn, ó fi àtẹ́lẹsẹ̀ pẹrẹsẹ sí wọn, pẹ̀lú gìgísẹ̀, bíi bàtà tí ènìyàn ń wọ̀ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì.

Mo ní, "Ta ló ní kí ẹ ṣe èyí?"

Ó ní, "Bàbá rẹ ni. Ó gbé e wá ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹta. Mo ní, 'Imrich, orí rẹ dàrú ni? Bàtà bọ́ọ̀lù tó dára tó báyìí, o ní kí n yọ eyín rẹ̀?' Ó ní, 'Ọmọ mi yóò máa fi rìn ni. Kò ní gbá bọ́ọ̀lù mọ́.' Mo ní, 'Ó kọ̀wé sí ọ?' Ó ní, 'Kò tíì kọ ọ́. Yóò kọ ọ́.' Ó wá ní ẹsẹ̀ rẹ̀ kan ló lọ, òun mọ̀. Mo ní, 'Ẹsẹ̀ kan kẹ̀? Ṣé kí n ṣe ẹyọ kan ni? Awọ wọ́n.' Ó wúkọ́. Ó ní, 'Mi ò mọ èyí tó kù. Ṣe méjèèjì.'"

Verona


Ilé ìwòsàn àwọn sójà, Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì
Ọjọ́ kẹrìnlélógún, oṣù kẹrin, 1945

Ẹ̀gbọ́n mi,

Ìwé yín dé. Ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ni wọn yóò kó wa sínú ọkọ̀.

Ẹ bá mi lọ sí ibojì kí n tó dé, ẹ sọ fún Bàbá. Ẹsẹ̀ òsì ló kù. Ẹ sọ fún un pé òsì ni.

Ludvik